Ẹni Tó Bá Ṣubú Ni Yóò Kọ́kọ́ Mu

Ní ọjọ́ tí Rábè gbé ará Dàmàgáràm ṣánlẹ̀ nínú yanrìn pápá ìjàkadì Tàsáwá, ariwo tó sọ nílùú pọ̀ débi pé àwọn ràkúnmí tó wà lójú ọ̀nà Máràdí yí padà, wọ́n ní àwọn kò lọ mọ́. Àwọn obìnrin ń ju ìborùn sókè. Olóyè ìlú dìde fùú lórí àga, ó gbàgbé pé orúnkún ń dun òun. Rábè fúnra rẹ̀ dúró láàárín agbo, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò sì wo idà olúborí tí wọ́n ń gbé bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wò, ibi tí Baba Inúsà, olùkọ́ rẹ̀, ti ń gbé igbá fúrà bọ̀.

Igbá náà kì í ṣe igbá kékeré. Jéró tí wọ́n gún kúnná bí àtíkè ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nónò tútù tí í ṣe wàrà kíkan, jínjà àti kànáfùrù, òórùn rẹ̀ sì ti ń ṣáájú Baba Inúsà bọ̀ bí ẹ̀ṣọ́ ọba. Bàbá náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ kó má bàa dà á sílẹ̀. Rábè na ọwọ́ méjèèjì. Baba Inúsà kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó iná.

Olóyè ìlú rò pé òun ni wọ́n ń gbé e bọ̀ wá fún, ó na tirẹ̀ náà. Baba Inúsà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bèèrè àlàáfíà àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọjá. Ó lọ kúnlẹ̀ ti ará Dàmàgáràm, tó ṣì na gbalaja sínú yanrìn, tó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Tu yanrìn ẹnu ẹ dànù. Gbà, mu."

Ìlú dàrú. "Inúsà! Ọ̀tá wa nìyẹn!" "Ṣé ojú ẹ ti fọ́ ni?" Ẹnì kan ju bàtà lù ú. Baba Inúsà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ẹni tó bá ṣubú ni yóò kọ́kọ́ mu," ó ní. "Ẹni tó ṣẹ́gun ti mu ariwo yín, ó ti yó."

Òfin ọgbà ìdánrawò rẹ̀ nìyẹn, gbogbo oníjàkadì Tàsáwá ló sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìdánrawò ni wọ́n rò pé ó wà fún, níbi tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀. Kò sí ẹni tó rò pé bàbá náà lè gbé e wá síwájú ìjọba. Ará Dàmàgáràm gbé igbá sẹ́nu. Ó mu, ó mu, ọ̀fun rẹ̀ ń ró gbùgbù bí kòtò òjò. Nígbà tó gbé igbá kúrò lẹ́nu, ìdí igbá ń dán. Ó nu irùngbọ̀n, ó wo Rábè, ó ní, "Bí ìṣubú bá dùn tó báyìí, kí ni mo ti ń dúró ṣe láti àárọ̀?"

Wọ́n fún Rábè ní idà olúborí. Baba Inúsà fún un ní ìgbakọ, kó lá a.

Baba Inúsà ti kú báyìí. Ó kú bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan rẹ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kírun alaasari tán, ó fẹ̀yìn ti ọgbà pòpórò tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti yanrìn tí àwọn ọmọ náà ti ń jìjàkadì, ó ní kí Dèlú ìyàwó òun tọ́ nónò wò bóyá ó ti kan. Dèlú tọ́ ọ wò, ó ní kò tíì kan. Bàbá náà dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Dèlú yóò sọ̀rọ̀ nípa nónò tí Inúsà kò ní jiyàn. Ohun tó fi mọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìsìnkú náà, nítorí Tàsáwá kò ní gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ ìhàlẹ̀ Baba Inúsà. "Ẹ̀yìn Inúsà kò kan ilẹ̀ rí!" Ó sọ ọ́ fún àgbà, ó sọ ọ́ fún èwe, ó sọ ọ́ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ alómi. Ó ní nígbà tí òun ń jìjàkadì, láti Dóso títí dé Dífà, kò sí abiamọ tó bí ẹni tó lè dá òun dùbúlẹ̀. Ó ní kìnnìún kan gbìyànjú rẹ̀ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gúrè, pé kìnnìún náà ló padà tọrọ àforíjì. Bí oorun bá ń kùn ún, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi lélẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ráyè jẹ́rìí lòdì sí i.

Ó wá kú. Àwọn oníjàkadì ló gbé e lọ sí itẹ́. Àwọn géńdé tí ọrùn wọn ki bí ìdí igi osè ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ bí a ti ń tẹ́ Mùsùlùmí, lórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ojú rẹ̀ sí ìlà oòrùn. Rábè wo ìsàlẹ̀ kòtò náà fún ìgbà díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ̀yìn rẹ̀ kò kanlẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde lára àwọn tí omijé ṣì ń dà lójú wọn. Lèmọ́mù fa ojú ro, ó fẹ́ bá wọn wí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Dèlú kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí níbẹ̀. Opó kò jáde nílé. Wọ́n wá sọ ọ́ fún un lẹ́yìn ọgbà, ó ní, "Ẹ ṣé," ohùn rẹ̀ gbẹ bí ewé ìgbà ọyẹ́. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Omi nìkan ló ń mu, ìyẹn bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́. Àwọn aládùúgbò ń gbé tùwó wá, wọ́n ń gbé ẹ̀wà wá, wọ́n ń gbé ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ ẹ̀pà wá. Ewúrẹ́ ilé náà sanra débi pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́. Dèlú ní tirẹ̀ ń gbẹ lọ bí ẹran tí wọ́n sá sóòrùn.

Ohun tó tún ba àwọn oníjàkadì lẹ́rù jùyẹn lọ ni odó. Odó ńlá tí obìnrin yìí fi ń gún fúrà wọn ní àràárọ̀, Dèlú ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Òótọ́ ni pé Inúsà ló máa ń gbé igbá jáde, òun ló ń pàṣẹ, òun ló ń sọ fún gbogbo àlejò pé "fúrà mi." Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gún, tó ń sè, tó ń yí i róbótó, tó tún ń fọ́ ọ sínú nónò, ọwọ́ Dèlú ni.

"Mo ti gún èyí tí mo máa gún láyé," ó sọ fún Rábè láti ẹ̀yìn ọgbà. "Bí mo bá jáde opó, màá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Gàsáwà."

"Ìyá, Gàsáwà kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Màá jókòó."

Rábè mọ obìnrin náà. Bí ó bá ní òun máa jókòó, jíjókòó náà ni. Ó sì ti rí àwọn àgbà tó lọ jókòó nílé ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í pẹ́ jókòó kí wọ́n tó dùbúlẹ̀.

Nígbà tó di àdúà ọjọ́ keje, àwọn oníjàkadì dé lẹ́yìn tí oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní sórí yanrìn ìdánrawò, wọ́n fẹ̀yìn ti ọgbà pòpórò náà. Dèlú jókòó sí ẹ̀yìn ọgbà lọ́hùn-ún, lórí àpótí, odó tó dojú délẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Kò rí wọn, wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n pòpórò kì í dí ọ̀rọ̀.

Lèmọ́mù ṣe àdúà tán, ó lọ. Ẹnu wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ni Gàmbó, ọmọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọge.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sunkún yìí, ṣé ẹ ti gbàgbé Àárẹ̀-Sá-Lọ ni?"

"Há! Gàmbó, má dárúkọ ẹ̀!" Rábè di ikùn mú. "Inú mi ti gbọ́ ọ."

Àárẹ̀-Sá-Lọ jẹ́ ohun mímu kan tí Baba Inúsà ní wọ́n fi han òun lójú àlá. Ìyẹ̀fun èso osè wà níbẹ̀, àjàgbọn wà níbẹ̀, dàbínù, kúlíkúlí tí wọ́n lọ̀, ata, àti káún. Lójú àlá, wọ́n ní kó bu káún díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Baba Inúsà rò ó pé àárẹ̀ àwọn ọmọ òun kì í ṣe díẹ̀. Ó bù ú ní ẹ̀kúnwọ́. Ó wo ojú wọn, ó ṣàánú wọn, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ míì.

"Ọjọ́ yẹn làwọn ará Dóso ń bọ̀ wá bá wa dánra wò," Gàmbó ní. "Wọ́n dé. Wọn ò rí ẹnì kankan nínú agbo. Orí wa nìkan ni wọ́n ń rí lẹ́yìn igbó, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti juwọ́ sí wọn. Ọ̀gá wọn ní, 'Ẹ jáde ẹ wá jà!' Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ìjà tá à ń jà lọ́wọ́ níbí náà kò kéré.'"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Baba wá ń yan kiri láàárín agbo," Rábè gbà á lẹ́nu rẹ̀, "ó ń sọ fáwọn ará Dóso pé, 'Ṣé ẹ rí i? Àárẹ̀ ti sá lọ!' Mo ní, 'Baba, ìfun wa ló bá a lọ.'"

Lẹ́yìn ọgbà, Dèlú ń gbọ́. Òun ló sọ fún Inúsà lọ́jọ́ náà pé káún náà ti pọ̀ jù, Inúsà sì ní òun kò rántí pé wọ́n pe orúkọ obìnrin kankan nínú àlá náà. Ó fi etí ìborùn bo ẹnu. Ẹkún ni, ẹ̀rín ni, kò yé òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agolo ni wọ́n mú tẹ̀ lé e. Ọ̀gá eré ìdárayá kan wá láti Niamey nígbà kan, ó gbé agolo ńlá kan dání. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa pò ó mọ́ omi bí wọ́n bá jà tán, pé yóò tún iṣan ara wọn ṣe. Àwòrán ọkùnrin kan wà lára agolo náà tí apá rẹ̀ tó ìtí igi, tó sì wọ ṣòkòtò péńpé. Baba Inúsà gba agolo, ó yẹ àwòrán náà wò títí.

"Ta ni ọkùnrin yìí?"

"Baba, ẹni tó ń mu ún ni."

"Ìhòòhò ló wà. Ṣé kò ní ìyá ni?"

Ó gbé agolo náà jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni gbé òkú eku. Ó ní bí òun bá ṣì ń mí, ìyẹ̀fun inú agolo kò ní wọnú ọgbà òun. "Mo fẹ́ káwọn ọmọ mi wọ aṣọ," ó ní.

"Nígbà tó yá," Rábè ń sọ fún wọn báyìí, "ló bá da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún adìyẹ. Ọkùnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣeré! Ó sọ ọ́, ó sì ṣe é."

Dèlú mi orí lẹ́yìn ọgbà. Adìyẹ kẹ̀? Ọjọ́ kan ló wọ àká lọ bu jéró, ló bá ọkọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí nínú òkùnkùn, agolo wà láàárín itan rẹ̀, ìyẹ̀fun ti kun irùngbọ̀n rẹ̀, ó kun imú rẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú.

"Inúsà, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ṣọ́ ọ."

"Ẹnu lo ti ń ṣọ́ ọ?"

"Ibẹ̀ ni olè kò lè dé."

Ó ṣọ́ ọ títí tó fi tán. Lẹ́yìn náà ó fọ agolo, ó ń kó kànáfùrù sí i. Títí di òní, ọkùnrin oníhòòhò yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ nílé ìdáná, ó ń na apá. Baba Inúsà ti fi èédú ya agbádá sí i lọ́rùn.

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ adìyẹ nígbà tí ohùn kan ya bò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹrú mi dà? Ẹ bá mi sọ fún ẹrú mi kó dìde! Oòrùn ti wọ̀, ó ṣì ń sùn!"

Tàkó ni, obìnrin Fúlàní tó ń gbé nónò wá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá darandaran, igbá nónò wà lórí rẹ̀, yẹtí fàdákà sì wà létí rẹ̀. Kànúrí ni Inúsà, a sì mọ bí Kànúrí àti Fúlàní ṣe ń bára wọn ṣe. Wọ́n bí wọn fún ẹ̀fẹ̀ ni. Olúkúlùkù wọn ló gbà pé ẹrú òun ni ẹnì kejì, bí ikú bá sì ṣẹlẹ̀, ẹni tó wá kí ilé láìbú òkú kò tíì kí ilé.

"Tàkó, ta ló ránṣẹ́ sí ọ?" Gàmbó pariwo. Kànúrí ni òun náà. "Àwọn tó ni ẹ́ ló wà níbí. Sọ igbá kalẹ̀ kó o gbálẹ̀!"

"Pa ẹnu ẹ dé, ẹrú kékeré. Ẹrú àgbà ni mo wá bá. Ẹ ti gbé ohun ìní mi sin láìgbàṣẹ. Ó jẹ mí ní gbèsè iṣẹ́! Ọlẹ burúkú, ó rí i pé ìgbà iṣẹ́ oko dé, ló bá kú."

Wọ́n hó. Tàkó sọ igbá kalẹ̀, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

Ó ní kò sí òwúrọ̀ kan tí Inúsà kò tọ́ nónò òun wò, kó sì fún ojú pọ̀ bí ẹni jẹ orógbó. Yóò ní, "Omi kànga ni èyí. Màlúù kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni." Òun yóò ní, "Ahọ́n ẹrú, kí ló mọ̀?" Inúsà yóò dá iye kan tó jẹ́ àbùkù, yóò lọ, yóò padà, yóò tún lọ. Oòrùn yóò dé àtàrí. Àwọn tó ń kọjá yóò dúró, wọn yóò dá sí i bí ẹni tó ń làjà. Níkẹyìn, yóò san iye tí òun Tàkó kọ́kọ́ pè gan-an, yóò sì tún bu fúrà fún òun kí òun máa mu lọ lójú ọ̀nà.

"Ọjọ́ kan, ó rẹ̀ mí," Tàkó ní. "Bó ṣe dá iye tiẹ̀ báyìí, mo ní ó dáa, mú un. Ẹ wá wo ìbínú! Ó ní, 'Kí ló ń ṣe ẹ́?' Mo ní kò sí nǹkan. Mo lọ. Kí n tó dé ibùdó wa, mo bojú wẹ̀yìn, ẹrú mi ló ń bọ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gbé ewé dongoyárò dání! Ó ní òun fẹ́ mọ irú ibà tó kọlù mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Rábè fi orí kan ọgbà, ọgbà náà sì mì jìnnìjìnnì dé ọ̀dọ̀ Dèlú.

Ìgbà tí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, Tàkó fa igbá nónò rẹ̀ mọ́ra.

"Láràárọ̀ ni mò ń wá," ó ní. "Láti ìgbà tó ti kú. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́. Màá dúró níbi ọgbà yìí, màá sọ igbá kalẹ̀. Ẹnì kan kò yọjú. Lójà, gbogbo wọn ni wọ́n ń ra nónò mi, wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní ó dùn." Ohùn rẹ̀ já. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ibí yìí. Kí ẹnì kan bá mi bú nónò mi."

Kò sí ẹni tó lè bú u. Wọ́n wolẹ̀.

Lẹ́yìn ọgbà, Dèlú gbé ọwọ́ lé ìdí odó. Ohun kan wà tí òun nìkan ló mọ̀ nínú gbogbo wọn, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Gàsáwà. Ẹ̀yìn Inúsà kan ilẹ̀ rí. Gàsáwà náà ló ti kàn án, ní ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n Dèlú ló gbé e. Ó gbé e sókè bí ìdì pòpórò, ó sì jù ú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú rọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Igbá fúrà tí ìyá wọn ní kí ó gbé fún un wà lọ́wọ́ Dèlú, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà kọjá láàárín èrò. Ló bá rí àlejò kan lórí yanrìn. Kò sí ẹni tó dúró tì í. Yanrìn kún ẹnu rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti má sunkún, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Dèlú dúró. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n gbé sórí èjìká. Ó wo ẹni tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Tu yanrìn ẹnu ẹ dànù. Gbà, mu."

Ó mu ún tán. Wọ́n na Dèlú nílé lọ́jọ́ náà.

Inúsà kò sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Bí ẹ̀gbọ́n Dèlú bá wá kí wọn ní Tàsáwá, àgbò ni Inúsà ń pa, ẹran ló sì fi ń dí i lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́, débi pé ọkùnrin náà rò pé òun ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìdílé. Ṣùgbọ́n Inúsà mú ọ̀rọ̀ kan nínú ìtàn náà, ó sọ ọ́ dòfin, ó sì gbé e káàkiri gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bí igbá tó kún.

Ohùn Rábè ló tún gbọ́ lẹ́yìn ọgbà. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ṣe mọ fún ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

"Gbé e wá."

"Ẹ̀gbọ́n, kò dáa tó. Ó ta kókó."

"Mo ní gbé e wá, Gàmbó. Tàkó, da nónò sí i."

Àṣé wọ́n ti gún fúrà. Àwọn géńdé wọ̀nyí lọ yá odó ní òpópó kejì, wọ́n fi agbára olúborí gún jéró. Ọmọ odó méjì ló kán. Nígbà tí wọ́n sì ń sè é, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rò pé ẹlòmíràn kò tíì fi jínjà sí i, gbogbo wọn ló fi sí i. Fúrà tó jáde níbẹ̀ le bí òkúta ìpakà.

Ìgbà tí igbá délẹ̀, wọ́n wo ara wọn. Ta ni yóò kọ́kọ́ mu?

"Èmi ni," Gàmbó ní. "Rábè ló gbé mi ṣánlẹ̀ láàárọ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ìṣubú, o yọ̀ ni."

"Mo ṣubú!"

"Ẹ dákẹ́," Rábè ní. Ó gbé igbá náà, ó dìde, ó súnmọ́ ibi tí ọgbà ti ya. "Ẹni tó ṣubú jù nínú wa kò sí níta níbí."

Ó yíjú sẹ́yìn, bó ṣe yẹ kí ọkùnrin ṣe lẹ́bàá opó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti igbá náà gba ibi tó ya kọjá.

"Ìyá Dèlú," ó ní. Ó gbìyànjú ohùn Baba Inúsà, kò lè ṣe é, ohùn ara rẹ̀ ló jáde. "Ìyá wa, ẹ dìde. Ẹ gbà, ẹ mu."

Kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ Rábè wà lẹ́yìn ọgbà, igbá wà lórí wọn, apá rẹ̀ tó gbé gbogbo akọni láti Dóso dé Dàmàgáràm kò sì fà á padà. Tàkó ti fi ọwọ́ bo ojú.

Lẹ́yìn náà, igbá fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan mu nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbọ́ tó dúró. Wọ́n gbọ́ ikọ́, nítorí jínjà. Wọ́n gbọ́ tó tún mu.

"Omi kànga ni èyí," Dèlú ní lẹ́yìn ọgbà. Ohùn rẹ̀ ha, omijé wà nínú rẹ̀. "Màlúù kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni."

Tàkó bú sẹ́kún. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ìborùn nu ojú, ó pariwo tó fi dé òpópó kejì: "Ahọ́n ẹrú! Kí ló mọ̀?"

"Ta ló sì gún ìranù yìí?" Dèlú tún ní. "Ṣé àpáta lẹ fẹ́ fi kọ́lé ni?"

"Gàmbó ni, Ìyá," gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àti Gàmbó pẹ̀lú.

Igbá náà gba ibi tó ya padà wá. Rábè wò ó. Ìdí rẹ̀ ń dán. Kò ku ẹ̀kán kan. Ó wo ìgbakọ tó wà nínú rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó ń lá a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Lẹ́yìn ọgbà, ohun kan tó wúwo wọ́ lórí ilẹ̀. Ó fì síbí, ó fì sọ́hùn-ún, ó yí padà, ó sì jókòó. Gbogbo wọn ló mọ bí odó ṣe ń dún nígbà tí wọ́n bá gbé e dìde.